Aṣọ Tó Mọ Ọ̀nà Papalanto

Lọ́jọ́ tí Sìdíkàt ń bọ̀ wálé láti ọ̀nà Papalanto tó wá bá ara rẹ̀ ní Ifọ̀, àwọn obìnrin aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kò sí bí ará Abẹ́òkúta ṣe lè dé Ifọ̀ nígbà tó ń lọ sílé, àfi bó bá kẹ̀yìn sí ilé tó sì tẹ iná. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Sìdíkàt ṣe. Ó ń kọrin lọ, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́bàá títì, títí ó fi rí pátákó ìlú. Ó sípẹ́lì rẹ̀. Ó tún un sípẹ́lì, bóyá yóò yí padà. Kò yí padà.

"Báwo lo ṣe rìn ín, Sìdíkàt?" Alhájà Àsíátù ló bi í bẹ́ẹ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ aláró náà, àgbàlá ilé rẹ̀ ní Aké ni ìkòkò aró gbogbo wọn wà.

"Alhájà, nígbà tí mò ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún ni mo yà ní oríta Papalanto, mo gba ọ̀nà Ìlaròó. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo tún yà sí ọ̀tún. Ṣebí ọ̀nà kan náà ni?"

Ẹ̀rín tún bú. Mọ́níkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rán àdìrẹ alábẹ́rẹ́ láti ìgbà ọmọge, ṣubú lórí àpótí tó jókòó lé.

"Ọ̀tún lílọ, ọ̀tún bíbọ̀!" ni Mọ́níkẹ́ ń wí nílẹ̀ níbẹ̀. "Sìdí, bí wọ́n bá ní kí o máa lọ báyìí, Èkó lo máa sùn!"

Sìdíkàt náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ọdún 1982 nìyẹn. Ẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ra píkọ́ọ̀pù àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ apá ọ̀tún kì í ṣí àfi kéèyàn fi ìdí gbá a. Awakọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà ti bá tiẹ̀ lọ. Nínú obìnrin mọ́kànlá tó wà nínú ẹgbẹ́, Sìdíkàt nìkan ló mọ ọkọ̀ wà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kó tó gba láísẹ́ǹsì, àwòrán ojú rẹ̀ tó wà nínú ìwé náà sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Nígbà tó bá di sítíárì mú, ó máa ń dà bíi pé gbogbo ẹrù tó ti fi orí rù láti kékeré sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó fẹ́ jù láyé ni kí wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yẹn lé òun lọ́wọ́ pátápátá.

Kì í ṣe wíwà ló ń dà á láàmú. Ó mọ̀ ọ́n wà ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Ó sì mọ lílọ. Bíbọ̀ ni kò mọ̀. Bó bá ti yí orí ọkọ̀ padà báyìí, gbogbo ayé yí padà mọ́ ọn lójú: igi tó wà lósì ti wà lọ́tùn-ún, ilé tó wà lọ́tùn-ún ti fò sódìkejì, òun náà a sì máa wò bí àlejò.

Mùsílíù, àbúrò Alhájà, ti ń wo kọ́kọ́rọ́ yẹn láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ti wa ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó sìmẹ́ńtì ní Ewékorò rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Ìyá Fàtáì," ni ó wí fún Sìdíkàt, ó dọ̀bálẹ̀ yẹ̀yẹ́ díẹ̀, "ẹ kú ìrìn o. Bí ẹ bá tún ń lọ sí Ifọ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kí àna mi."

"Mùsílíù, gbé ẹnu rẹ sọ́hùn-ún," ni Alhájà wí. Ó nu aró tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ìró. "Sìdíkàt, gbọ́ mi. Wá ohun kan tí yóò máa fọ̀nà hàn ọ́. Ẹyọ kan ni ẹgbẹ́ máa rà, a ò ní ra méjì. Nítorí náà, kó ṣeé lò nínú ọkọ̀, kó sì ṣeé lò lórí kẹ̀kẹ́."

Kò sí ẹni tó bèèrè ìdí tí kẹ̀kẹ́ fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìdí-Ahùn, abúlé tí àwọn oníbàárà wọn tó dára jù wà, wà lódìkejì odò kan tí afárá rẹ̀ kò ju pákó mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù máa ń dúró. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n dì sẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi gbé aṣọ gba inú igbó kọjá.

"Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀," ni Alhájà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "kó aṣọ lọ sí Ìdí-Ahùn. Bí o bá padà dé kí wọ́n tó pe ìrun Alásárì, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́. Bí o bá sọnù, Mùsílíù ló ni ín, kò sí àròyé."

Mùsílíù wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń dúpẹ́.

*

Ṣọ́ọ̀bù Láwàlì ní Ìtòkú ni Sìdíkàt àti Mọ́níkẹ́ kọ́kọ́ forí lé. Láwàlì ń ta ṣéènì kẹ̀kẹ́, gíláàsì àtùpà, bátìrì rédíò, tẹ̀sùbáà àti ohunkóhun tí kò rí ilé ẹlòmíì gbé. Bí o bá ní o ń wá ìyẹ́ apá áńgẹ́lì, Láwàlì yóò ní, "Funfun ni àbí aláwọ̀ búlúù?"

"Ohun tó ń fọ̀nà hàn?" ni Láwàlì wí. "Tó ṣeé lò fún kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀? Ẹ jókòó. Ẹ ti dé ilé."

Ó mú kọ́ńpáàsì jáde, ohun róbótó kan tó tó ìdérí ìgò, abẹ́rẹ́ sì ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú. "Àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ló ń rà á lọ́wọ́ mi. Ibi yòówù kí wọ́n wà, wọn ò ní ṣi gábàsì mọ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í purọ́."

Sìdíkàt dì í mọ́ kẹ̀kẹ́ Láwàlì, ó sì gùn ún yí ṣọ́ọ̀bù ká. Abẹ́rẹ́ dúró ṣinṣin síbi kan. Inú rẹ̀ dùn. Ó sáré gbé e wọ inú píkọ́ọ̀pù, ó gbé e lé iwájú. Ọkọ̀ kọjú sí Aké, abẹ́rẹ́ yí, ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Ó yí ọkọ̀ padà kúrò ní Aké, abẹ́rẹ́ bá a yí, ẹ́ńjìnnì náà ló tún ń wò. Ó yà sọ́tùn-ún, ó yà sósì. Ẹ́ńjìnnì.

"Irin ló ń fà á," ni Láwàlì wí, ó ń họ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Irin kọ́," ni Mọ́níkẹ́ wí. "Ó ti rí ọkọ fẹ́ ni."

"Àti pé, Láwàlì," ni Sìdíkàt wí, "ṣé Mẹ́kà ni mò ń lọ ni? Papalanto ni mò ń lọ."

"Ìyá Fàtáì, ẹni tó mọ ọ̀nà Mẹ́kà, kí ni Papalanto?"

Wọ́n dá kọ́ńpáàsì padà. Láwàlì mú máàpù jáde, bébà ńlá tí wọ́n ká mẹ́jọ. Nínú ọkọ̀, ohun ẹlẹ́wà ni. Ó bo iwájú ọkọ̀ títí dé orúnkún wọn bí ìbora. Sìdíkàt fi ìka tọ ọ̀nà láti Abẹ́òkúta, ó ń ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀: Ewékorò wà níbẹ̀, Papalanto wà níbẹ̀. Ó wá Ìdí-Ahùn títí, kò rí i. Ẹni tó ya máàpù kò mọ̀ pé ènìyàn ń gbé níbẹ̀.

"A ó fi báírò kọ ọ́ sí i," ni Láwàlì wí kíá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Sìdíkàt nà án sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sísàlẹ̀ Ìtòkú, atẹ́gùn fẹ́ wá láti apá Olúmọ, ó gbé bébà náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú pẹ́kẹ́. Gbogbo Nàìjíríà bò ó lójú. Ó ń pariwo "Ẹ yàgò o! Ẹ yàgò!" títí ó fi wọ àárín àwọn apẹ̀rẹ̀ òfìfo ìyá aláta kan. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, ìlàjì máàpù ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, Èkó sì ti fò lọ.

"Ó kéré tán," ni Mọ́níkẹ́ wí, ó ń gbá eruku kúrò lára rẹ̀, "o ò lè sọnù dé Èkó mọ́."

Ohun kẹta ni mítà kékeré kan tí wọ́n ń dì mọ́ àgbá kẹ̀kẹ́. Bí àgbá bá ti ń yí, yóò máa ka máìlì, yóò sì máa ké *kẹ́-kẹ́-kẹ́* bí tata. Sìdíkàt gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó, ó mi orí.

"Ó ń sọ bí mo ṣe rìn jìnnà tó. Kò sọ bóyá mo ti sọnù. Láwàlì, mo lè rìn máìlì ogún kí n sọnù níbẹ̀, á sì máa kí mi kú oríire."

Láwàlì gbà pé òótọ́ ni. Ó fún wọn ní gúgúrú láti fi pẹ̀tù sí wọn nínú.

*

Ìkòkò aró ni Sìdíkàt jókòó tì nígbà tí èrò kan wá sí i lọ́kàn. Àwọn tó ń kọjá ń kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí aláró, "Àrẹ̀dú o!", wọ́n sì ń dáhùn. Ó wo ẹyẹ tí Mọ́níkẹ́ ń rán sára aṣọ kan. Ó dìde bí ẹni tí èèrà ta.

"Kí ló dé tí mo fi ń wá a lọ sí ọ̀dọ̀ Láwàlì?" ni ó wí. "Ṣé èmi kọ́ ló ń rán ohun tí ojú mi bá rí láti ọmọ ọdún mẹ́jọ? Aṣọ ò ní fò lọ. Aṣọ ò ní fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Aṣọ á so mọ́ kẹ̀kẹ́, á tẹ́ nínú ọkọ̀!"

Ó bu èédú, ó mú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó sì fa ọ̀nà sí i bí ìlà gbọọrọ kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ìsàlẹ̀ ni Aké, òkè ni Ìdí-Ahùn. Gbogbo ohun tó máa ń rí lọ́nà, ó yà á sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà: igi àràbà ńlá kan lósì, ilé epo tí wọ́n kùn ní búlúù lọ́tùn-ún, ọ̀pẹ méjì tó dì mọ́ra wọn. Ibi tó bá yẹ kó yà, ó ya ẹyẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tó yẹ kó yà sí. Ní Papalanto, ẹyẹ wà lọ́tùn-ún. Níbi òkìtì ọ̀gán inú igbó, ẹyẹ wà lósì. Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán gbogbo rẹ̀, ó fa òwú le dan-in-dan-in, ó rì í sínú aró lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ó tú òwú náà, gbogbo ẹgbẹ́ sì péjọ láti wò ó.

Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀.

Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀.

Bí aláró ṣe ń ṣe láti ìgbà ìyá wọn, Sìdíkàt ti ṣẹ́ aṣọ náà po sí méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán, kí abẹ́rẹ́ kan lè gba ojú méjèèjì. Ta ló ń rán àdìrẹ ní ẹyọ kan? Ọwọ́ rẹ̀ ṣe é kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Nísinsìnyí, ọ̀nà méjì ń wo ara wọn bí orogún. Lórí ọ̀kan, ẹyẹ Papalanto wà lọ́tùn-ún. Lórí èkejì, ó wà lósì. Àràbà kan níhìn-ín, àràbà kan lọ́hùn-ún.

"Ìyá Fàtáì," ni Mùsílíù wí jẹ́jẹ́, "tẹ́lẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ẹ ti ń sọnù."

Ẹ̀rín náà le débi pé ewúrẹ́ Alhájà sá jáde. Sìdíkàt mú sísọ́ọ̀sì láti gé ìdajì tó jẹ́ irọ́ dànù, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí aró náà ṣe mú, tí àwọn ẹyẹ náà funfun kinkin, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó ṣẹ́ ìdajì náà sábẹ́, ó sì lọ sílé láìjẹun.

*

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n kó ẹrù aṣọ, wọ́n di kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, Mọ́níkẹ́ fi ìdí gbá ilẹ̀kùn, ó wọlé. Òun ni Alhájà ní kó tẹ̀ lé e, kó lè jẹ́rìí.

Lílọ náà dùn bí oyin. Aṣọ tẹ́ síwájú ọkọ̀, òkúta méjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àràbà dé lósì, Mọ́níkẹ́ kí i. Wọ́n kọjá Ewékorò níbi tí eruku sìmẹ́ńtì ti sọ gbogbo ewé di arúgbó, àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń fọn fèrè mọ́ wọn, Sìdíkàt náà ń fọn tiẹ̀ padà. Ní Papalanto, ẹyẹ ní ọ̀tún, wọ́n yà sọ́tùn-ún. Ní ibi afárá, wọ́n sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, wọ́n so aṣọ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, Mọ́níkẹ́ gun ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹrù lórí itan. Ọ̀gán dé, ẹyẹ ní òsì. Wọ́n dé Ìdí-Ahùn kí àwọn obìnrin ibẹ̀ tó jẹun ọ̀sán.

Àwọn obìnrin náà ló fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Wọ́n yẹ aṣọ wò, wọ́n ró o, wọ́n tú u, wọ́n ní kí ọkọ wá wò ó, ọkọ wò ó, ó ní kí ìyá rẹ̀ wá wò ó. Nígbà tí Sìdíkàt fi máa gbójú sókè, oòrùn ti rọra ń yí sẹ́yìn.

"Mọ́níkẹ́! Gun kẹ̀kẹ́!"

Wọ́n sáré dé ibi ọ̀gán. Ọ̀nà yà sí méjì. Sìdíkàt dúró, ó wo aṣọ. Aṣọ ní òsì. Ṣùgbọ́n òsì ni ti lílọ. Ó tú aṣọ, ó dorí rẹ̀ kodò kí Ìdí-Ahùn lè wà nísàlẹ̀. Àwọn ẹyẹ fi orí dúró, àwọn ọ̀pẹ fẹsẹ̀ sókè, orí tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Òógùn bọ́ sí i lójú. Ó fojú inú rí kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ Mùsílíù, ó rí Mùsílíù tó ń jù ú sókè, tó ń hán an.

"Mọ́níkẹ́, ṣé o mọ ọ̀nà?"

"Èmi? Ẹ̀yìn rẹ ni mò ń wò láti àárọ̀!"

Sìdíkàt tún aṣọ náà yí padà pẹ̀lú ìbínú, ó gbọ̀n ọ́n, ìdajì tó ṣẹ́ sábẹ́ sì já bọ́. Ọ̀nà kejì nà jáde níwájú rẹ̀. Ó fẹ́ ṣẹ́ ẹ padà. Ojú rẹ̀ bọ́ sí òkè rẹ̀, níbi tí Ìdí-Ahùn wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa ka ìwé ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Láti òkè: Ìdí-Ahùn. Lẹ́yìn náà, ọ̀gán. Ẹyẹ wà lọ́tùn-ún. Ó tún sọ̀ kalẹ̀: Papalanto. Ẹyẹ wà lósì. Àràbà wà lọ́tùn-ún, ibi tó yẹ kó wà fún ẹni tó ń bọ̀ wálé.

Ó ké.

"Oyin ni? Oyin ta ọ́?" Mọ́níkẹ́ ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́.

"Bíbọ̀ ni! Mọ́níkẹ́, bíbọ̀ ni! Kì í ṣe irọ́! Èyí fún lílọ, èyí fún bíbọ̀! Ka èyí sókè, ka èyí sísàlẹ̀!"

Mọ́níkẹ́ wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú láti fi dá wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà òun náà ké. Àwọn obìnrin méjì tó ti bímọ, tó ti gbé ọmọ fọ́kọ, di ara wọn mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán, wọ́n ń fò sókè bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ẹnikẹ́ni tó bá rí wọn á sọ pé ẹmu ni.

"Ó tó, ó tó," ni Sìdíkàt wí, èémí ń tán lọ. "Alásárì!"

Wọ́n yà sọ́tùn-ún. Afárá wà níbẹ̀, píkọ́ọ̀pù wà níbẹ̀. Mọ́níkẹ́ fi ìdí gbá ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé aṣọ lé itan, ó ń ké pè é bí kọ̀ńdọ́kítọ̀: "Ọ̀pẹ méjì, wọ́n ń bọ̀! Wọ́n ti dé! Papalanto, òsì! Sìdí, òsì ni mo wí!"

"Mo ti ń yà á!"

"Kò sí Ifọ̀ lónìí!"

"Kò sí Ifọ̀ láéláé!"

Wọ́n kọjá Ewékorò, wọ́n kọjá ilé epo búlúù. Àràbà dé lọ́tùn-ún gẹ́lẹ́, Mọ́níkẹ́ sì yọ orí síta, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ igi náà pẹ̀lú orúkọ Jésù. Sìdíkàt ní kó bá òun náà dúpẹ́ pẹ̀lú "Àlùhámúdù", kí igi má baà rò pé onígbàgbọ́ nìkan ló kọjá. Mọ́níkẹ́ ṣe é.

Ní Aké, Mùsílíù ti gbé àpótí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó dé fìlà awakọ̀ tuntun. Ladánì tó máa pe ìrun ṣì ń fọ ojú àti ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kò tíì gun òkè, nígbà tí fèrè píkọ́ọ̀pù dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, tó ń dún, tí kò dákẹ́. Àwọn obìnrin ju aṣọ sílẹ̀, wọ́n sá jáde pẹ̀lú ọwọ́ búlúù.

Sìdíkàt sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ síwájú Alhájà, ó fi ìka fa ọ̀nà kan sókè, ó fa èkejì sísàlẹ̀. Alhájà tẹ̀ ba, ó wò ó pẹ́, ẹnu rẹ̀ ń jẹ ọ̀rọ̀: "Ọ̀tún... òsì... ọ̀tún..." Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.

"Àṣìṣe aláró," ni ó wí nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀. "Àṣìṣe aláró gbọ́n ju ṣọ́ọ̀bù Láwàlì lọ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ. Máa mú un lọ sílé."

Mùsílíù bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ìyá Fàtáì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, "bí mo bá ra aṣọ wá, ṣé ẹ lè bá mi rán ọ̀nà àwọn abúlé Ṣágámù? Ibẹ̀ máa ń... ó máa ń yí mi lójú díẹ̀."

"Wàá kí àna rẹ fún mi ná," ni Sìdíkàt wí, gbogbo àgbàlá sì bú sẹ́rìn-ín.

Ladánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun. Mọ́ṣáláṣí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú méjì lọ, ojú ilé ni wọ́n ti ń rí i. Ṣùgbọ́n Alhájà Àsíátù tún gèlè rẹ̀ wé, ó fi ìdí gbá ilẹ̀kùn píkọ́ọ̀pù bí ọmọge, ó wọlé, ó sì jókòó bí olorì.

"Gbé mi lọ kírun."

Sìdíkàt tẹ iná. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí kí Alhájà tó jókòó dáadáa. Ó fẹ́ tẹ búréèkì. Alhájà fi ọwọ́ búlúù kàn án léjìká.

"Má tíì dúró," ni ó wí. "Kọjá díẹ̀ sí i."